Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì san ẹ̀yáwó wọn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó rí i níwájú pé kò jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa là ń wí, èyí tí a kò gùn, tí a kò tà, tí a kò sì fẹ́ kó bàjẹ́.

Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé ní Òkèṣà, ní Ajílọ́sun tàbí ní Bàsírì, kó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ. Ọkọ̀ kan yóò wúkọ́ lẹ́yìn ilé, yóò tún wúkọ́, yóò wá gbiná. Èéfín funfun yóò rú jáde. Ẹni tó ṣíná rẹ̀ yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wúùn, wúùn, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ọkọ̀ Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò paná rẹ̀, yóò fi tapólì bò ó, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ á dùn pé òun ti tọ́jú ọkọ̀.

Àwa ń sọ lónìí pé kò tọ́jú ọkọ̀ o. Ó ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí a kò bá lò, ọ̀nà méjì péré ló wà fún un. Bí a bá máa ṣíná rẹ̀, kí a gbé e jáde sójú títì títí yóò fi gbóná dénú. Bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí a tẹ́ ẹ sùn dáadáa, kí a má sì jí i títí ọjọ́ tí a máa lò ó. Ká ṣíná fún ìṣẹ́jú márùn-ún ká tún paná, ìyẹn kò sí nínú méjèèjì.

Ẹ̀bi àwa náà ni

Ẹ má rò pé orí òkè la dúró sí tí à ń bá yín wí. Àwa gan-an ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ á rántí Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tí ẹgbẹ́ wa fi ń kó kòkó, iṣu àti sìmẹ́ǹtì kiri nígbà kan. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dínkù, a gbé e sẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìgbìmọ̀ wá pàṣẹ fún bàbá ọlọ́dẹ wa pé kí wọ́n máa ṣíná rẹ̀ láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá kò kọ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà mú. A tilẹ̀ ń yìn wọ́n ní ìpàdé.

Ọjọ́ tí a wá fẹ́ fi kó ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ojú tì wá. A kò tíì jáde kúrò ní Adó tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ fi já sílẹ̀. Ó ti dípẹtà láti inú wá. Èéfín ń tú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń dún kó-kó-kó bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mẹ́káníìkì ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, ohun tó bá lábẹ́ rẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n po mọ́ epo. Ó fa ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì náà ń rùn bí epo bẹntiróòlù. Bátìrì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì ti rà fún un láàárín ọdún méjì yẹn, ọkọ̀ tí kò rìn dé ibì kankan!

A pe bàbá ọlọ́dẹ, a bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ṣíná rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa paná rẹ̀. Ẹ ò ní kí n gbé e jáde." Òótọ́ ni bàbá sọ. Àwa la pàṣẹ ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Owó ẹgbẹ́, ìyẹn owó yín, ló sì tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe.

Bí àwọn ọkọ̀ yìí ṣe dé ẹ̀yìnkùlé

Kí a tó wo inú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí ọkọ̀ fi pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa tó báyìí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí alùpùpù, ẹni tó ti ń gun alùpùpù sì ń wojú ọkọ̀. Olùkọ́ àgbà, akọ̀wé kóòtù àti àwọn tó ń ra kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tó rí roboto bí ahun. Àwọn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu dáadáa ra Peugeot 504. Àwọn ọlọ́lá gun Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì sí nígbà yẹn; ọdún 1996 la tó yà kúrò lára Oǹdó.

Ọkọ̀ náà ju ọkọ̀ lọ fún ìdílé. Òun ni wọ́n fi gbé ìyàwó wálé, òun ni wọ́n fi gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, òun náà ni wọ́n fi gbé ọmọ lọ sí yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kì í fi í lè tà á bí bàbá bá papò dà.

Wàhálà epo wá tún fi tirẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí iye ìjọba rẹ̀ kò tó N200 fún líta kan ṣáájú ọjọ́ náà fò kọjá N480 kí oṣù náà tó parí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí N1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì gbé ọ̀kan jókòó. Ẹni tó ní ẹyọ kan ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọjà Ọba, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ Bàbá nìkan mọ́. Ó kan èyí tí ẹ fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà, tí ẹ kò tíì san tán.

Kòkó tí kò gbẹ

Àgbẹ̀ kòkó ni púpọ̀ nínú wa, tàbí ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Ta ni kò mọ̀ pé kòkó tí a sá lóòrùn ìdajì ọjọ́, tí a wá dì sínú àpò, yóò bu? Oòrùn díẹ̀ tó rí kò lé omi inú rẹ̀ lọ, ooru tó sì bá wọnú àpò kò jẹ́ kó sinmi. Bí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé epo bẹntiróòlù tó bá jóná máa ń bí omi. Bẹ́ẹ̀ ni, omi. Líta epo kan tó jóná tán yóò bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó líta kan. Bí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà bá gbóná, omi náà á di èéfín, á bá ẹnu páìpù jáde, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá tutù, omi á lẹ̀ mọ́ ara irin, gẹ́gẹ́ bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára páànù lówùúrọ̀. Ẹ ti rí i rí tó ń kán tó, tó, tó lẹ́nu páìpù ọkọ̀. Èyí tó kán sílẹ̀ ti lọ. Èyí tó kù jókòó sínú sàlẹ́ńsà, ó ń di ìpẹtà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ písítìn kọjá lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ògì abẹ́ ìdérí tí a rí lára píkọ́ọ̀pù wa ti wá.

Èkejì, ẹ́ńjìnnì tó tutù máa ń mu epo ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tó ti wa ọkọ̀ onikábúrétọ̀ mọ ṣóòkù. Bí a bá ti fà á, epo ló ń rọ́ wọlé, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jó. Èyí tí kò jó á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, irin á máa ha irin. Yóò tún ṣàn lọ bá ọ́ìlì, ọ́ìlì á wá ṣàn gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi kún nígbà tí àlejò dé lójijì. Omi yìí, epo yìí, àti ìdọ̀tí tí iná fi sílẹ̀ á pò pọ̀, wọ́n á di ásíìdì tó ń jẹ irin níbi tí ojú kò tó.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè lé nǹkan wọ̀nyí jáde. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yín. Omi rédíétọ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ọ́ìlì. Omi a máa tètè gbóná, ọ́ìlì a máa pẹ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lójú títì kí ọ́ìlì tó gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ́ńjìnnì kò ṣe iṣẹ́ tó lè mú un làágùn.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì. Láti jí ẹ́ńjìnnì, stárítà máa ń fa iná tó pọ̀ gan-an nínú bátìrì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí bátìrì tó gba ohun tó ná padà, ọkọ̀ ní láti sáré. Bó bá dúró sójú kan, ohun tó ń padà wọlé kò tó nǹkan, pàápàá lára àwọn Ìjàpá àtijọ́ tó ń lo dáínámò. Ẹni tó ń ṣíná fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ dà bí ẹni tó ń gba N500 nínú àjọ lójoojúmọ́, tó sì ń dá N200 padà. Ẹ̀yin tó mọ káàdì ẹgbẹ́ kà, ẹ mọ ibi tí ìyẹn máa parí sí.

Ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń jẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń dún lórí ìdúró, táyà rẹ̀ kò yí, bíréèkì rẹ̀ kò di nǹkan kan mú, jíà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ń dìpẹtà lọ ní tiwọn, ariwo ẹ́ńjìnnì kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Mẹ́káníìkì mi ló ní kí n máa ṣíná rẹ̀"

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ èyí. Àwa kò sì ní sọ pé mẹ́káníìkì purọ́. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì tí a pa tì fún ọdún púpọ̀ láìmúra sílẹ̀ fún un lè dì, kí ríńgì lẹ̀ mọ́ sílíńdà, kí epo inú kábúrétọ̀ di gọ́ọ̀mù. Ohun tí mẹ́káníìkì ń bẹ̀rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì oògùn kì í wo ibà. Ẹni tó lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀kan tó jù ú nù, ibà rẹ̀ á padà wá. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ tó kọ́ wa láti máa ṣíná ọkọ̀ láràárọ̀, wọ́n ń ṣíná rẹ̀ láti lọ sí ìrìn àjò ni. Àwa di apá ìbẹ̀rẹ̀ mú, a gbàgbé ìrìn àjò.

Àwọn mìíràn á ní, "Epo dà? Ta ló lówó tó máa fi rìn kiri lásán?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ ìṣẹ́jú 150, ìyẹn wákàtí 2 àti ààbọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń jó lórí ìdúró lè mu nǹkan bíi líta kan ní wákàtí kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá tutù tí a fa ṣóòkù. Líta 2 àti ààbọ̀ tàbí 3 ti lọ nìyẹn lóṣù kan, ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan. Láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 16, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ á jẹ́ bí 32. Peugeot 504 tí ara rẹ̀ yá á fi líta 3 sí 4 rìn ín. Epo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan ń pa ọkọ̀, ọ̀kan ń wo ọkọ̀ sàn.

Ẹni tó ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á ní epo tòun kò tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ kó ka owó bátìrì, owó sàlẹ́ńsà àti owó ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, kó tó wá sọ èyí tó wọ́n jù fún wa.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa lo ọkọ̀ náà, ẹ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi, ẹ wo atẹ́gùn táyà, ẹ tẹ bíréèkì wò. Ẹ rí i pé ìwé ọkọ̀ pé. Bó bá ti gbiná, ẹ má ṣe máa tẹ epo wúùn-wúùn. Ẹ jẹ́ kó mí fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rọra gbéra. Ẹ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ padà, tàbí kí ẹ gba Ìyìn dé Ìgèdè, tàbí kí ẹ gba Ìwòròkò dé Ìfàkì. Ẹ lè fi ọjọ́ náà kó ọjà, tàbí kí ẹ fi lọ kí àwọn àgbà nílé. Bí kò bá ti dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú títì, ẹ ti ṣe é.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí yóò sùn fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ́ ẹ sùn dáadáa. Ẹ gbé e rìn kó gbóná, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jókòó. Ọ̀pọ̀ ń dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa jí i kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ìyẹn ni pé ọ́ìlì ẹlẹ́gbin ló bá irin gbé ní gbogbo ìgbà tó fi sùn. Bó bá jẹ́ oṣù díẹ̀, ẹ rọ epo kún tánkì, kí ìrì má ráyè sẹ̀ sínú rẹ̀. Bó bá máa ju ọdún kan lọ, ẹ fa epo tánkì àti ti kábúrétọ̀ jáde pátápátá. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, ṣùgbọ́n 504 ní, alumíníọ̀mù sì ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán á jẹ ẹ́. Ẹ fa omi náà jáde, kí ẹ rọ kúlántì tó dára sí i.

Ẹ tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì tó tó ṣíbí kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì po díẹ̀ kó lè kárí, kí ẹ tó dá wọn padà. Ẹ yọ bátìrì gbé sínú ilé, kí ẹ máa cháájì rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́, torí ó lè lẹ̀. Igi ni kí ẹ fi há táyà. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn kún díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ sórí ohun tó lágbára kí táyà má bàa tẹ́ sójú kan. Ẹ fi aṣọ dí ẹnu páìpù nítorí eku, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ sítíárì kí ẹni tó máa jí i lè rántí yọ ọ́. Ẹ má gbé e sórí koríko. Ẹ má sì fi tapólì ọ̀rá wé e mọ́ra. Ọ̀rá ń mú kó làágùn. Aṣọ òwú lábẹ́ òrùlé ló sàn jù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa jí i, ẹ má kánjú. Epo tuntun, bátìrì tó kún, omi bíréèkì tuntun. Kí mẹ́káníìkì yọ wáyà kọ́ìlì, kó fi stárítà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gòkè, kó tó dá wáyà padà kó ṣíná. Lẹ́yìn náà, ojú títì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kò gbọdọ̀ gbé mì. Ẹ má ṣe ṣíná ọkọ̀ nínú gáráàjì tí a tì, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ènìyàn á kàn sùn lọ ni. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ti rí i pé jẹnẹrétọ̀ yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ti ra iná oòrùn báyìí, jẹnẹrétọ̀ wá di ohun tí à ń ṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé e síta, ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù, firíìjì tàbí fáànù, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ pa á tì, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó jó èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ kì í ṣe òrìṣà

Èyí tó le jù la fi gbẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tó máa gùn wọ́n mọ́, tí ìdílé kò sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọ kan nílé pé kó máa ṣíná ọkọ̀ Bàbá. Ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pinnu. Bó bá jẹ́ ìrántí lẹ ń fẹ́, ọkọ̀ kò nílò kó dún kó tó jẹ́ ìrántí. Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, l'Ékòó. Ihò ọta ìbọn ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń lọ wò, wọn kì í béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Bó bá jẹ́ ìlò lẹ ń fẹ́, ẹ yan ẹni tó máa gùn ún. Bí kò bá jẹ́ méjèèjì, ẹ tà á fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí owó ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá tó fi òógùn ojú ra ọkọ̀ kò ní bínú pé ẹlòmíràn ń gùn ún. Ohun tó lè bí i nínú ni kí koríko máa gba àárín rẹ̀ hù.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ra cháájà bátìrì kan sí ọ́fíìsì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ọkọ̀ jókòó máa gbé bátìrì rẹ̀ wá lóṣooṣù pẹ̀lú owó díẹ̀. Èkejì, kí a máa ra ọ́ìlì ní páálí, kí a pín in ní iye tí a rà á. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá béèrè ẹ̀yáwó láti fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí ìgbìmọ̀ bi í bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kí a fi dù ú lówó o. Kí ẹ̀yáwó kejì má bàa tẹ̀lé èkíní ni. Owó tí ẹnì kan fi tún ẹ́ńjìnnì tí kò yẹ kó bàjẹ́ ṣe, owó tí ẹlòmíràn ì bá fi kún ọjà ni.

Ẹ gbé àbá yìí yẹ̀ wò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta kò wá, kó wá. Kó ṣáà ṣí ìdérí ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ wò kó tó kúrò nílé. Bó bá bá ògì lábẹ́ rẹ̀, kó má mú àkàrà wá, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ká jọ lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.